Ìwé Àwọn Àáfà Wa Kò Gbọdọ̀ Parun

Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó wà kò sàn ju èyí tí a kò kọ rárá lọ. Ní ọdún 1964, Yunifásítì Ìbàdàn dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti wá ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá rí, kí wọ́n sì ya àwòrán wọn. Ní ọdún 1995, John Hunwick tẹ ìwé atọ́ka ńlá kan jáde, ó sì ka àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá mọ́ ọn. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n ó kù.

Èjìgbò kò jìnnà sí Ìwó, ìlú àwọn àáfà. Ta ni ó lè sọ iye ìwé tí ó wà nínú àpótí láti Èjìgbò dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn? A kò ní kí a gba ìwé lọ́wọ́ onílé. Orúkọ ìwé, ẹni tí ó kọ ọ́ àti ọdún rẹ̀ ni kí a kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílé, kí ọmọ Èjìgbò tí ó wà ní Abidjan pàápàá lè rí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú kálàmù. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú, ẹ béèrè owó iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn tí ẹ dìbò fún. Ikán kì í dúró de ọjọ́ ìdìbò.