Ògiri Tí A Fọwọ́ Ara Wa Là

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ilé àti ẹbí la sábà máa ń fi òwe yìí ṣàlàyé: bí ará ilé ò bá tú àṣírí, ọ̀tá ìta ò ní ríbi gbà wọlé. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í fara balẹ̀ yẹ̀ wò, ìyẹn irú ẹ̀dá tó ń gba ibi tó lanu wọlé. Àlejò gidi kì í gba ihò ògiri. Ẹnu ọ̀nà ló ń gbà, á sì kan ilẹ̀kùn. Aláǹgbá ló ń wá ibi tó sán. Ojú yìí ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ kan tí kò tán nílẹ̀ láti Lẹ́kkí dé Ajáh, títí wọ Ìbẹ̀jú, ní Èkó: ṣé ó yẹ kí ìjọba dẹ òfin ààbò àyíká kí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá lè wá tẹ̀dó síbẹ̀? Àwọn tó ní ó yẹ pọ̀, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, òfin tó dẹ̀ kọ́ ló ń mú iléeṣẹ́ ńlá wá; àwọn tí a ò pè ló ń la ọ̀nà fún.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tóbi jù. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lágbára láti fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lóòjọ́, ilẹ̀ rẹ̀ ju 2,600 hẹ́kítà lọ, owó tí wọ́n sì ná lé e lórí tó nǹkan bí ogún bílíọ̀nù dọ́là. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo ní oṣù Kìíní 2024. Lẹ́kkí kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sí. Olókòlà, níbi tí Ògùn àti Oǹdó ti pààlà létí òkun, ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, Dangote tó ni ilé ìfọpo náà fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní gbangba pé gbọ́nmi-si-omi-ò-to òun àti ìjọba Ògùn ìgbà náà ló jẹ́ kí òun kó ẹrù òun. Kí ló wá rí ní Lẹ́kkí? Ó rí òkun tó jìn, ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ salalu, àti ọjà Èkó tó wà nítòsí. Àwọn irinṣẹ́ kan tóbi débi pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gba èbúté Àpápá àti títì Èkó kọjá, ni iléeṣẹ́ náà bá kọ́ èbúté tirẹ̀ sẹ́bàá òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ àbàtà, ni wọ́n bá fa iyanrìn bíi 65 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì láti inú òkun kí ilẹ̀ náà lè ga kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ẹni tó lè ná irú owó yẹn sórí iyanrìn lásán, ṣé owó àyẹ̀wò àyíká ló máa wá lé e sá lọ?

Ọ̀rọ̀ imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì tún là á yé ni ju ìyẹn lọ. Imí-ọjọ́ yìí wà lára ohun tó ń sọ èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ di májèlé fún ẹ̀dọ̀fóró. Ní oṣù Kejì 2020, àwọn mínísítà ilẹ̀ ECOWAS fẹnu kò ní Ouagadougou pé kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú epo. Epo tó ń ti òkè òkun wọlé gbọ́dọ̀ dé ojú ìwọ̀n náà láti oṣù Kìíní 2021, ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn ilé ìfọpo abẹ́lé láyè títí di oṣù Kìíní 2025. Nígbà tó di oṣù Keje 2024, ọ̀gá àjọ NMDPRA tó ń ṣàkóso epo sọ pé dísẹ́ẹ̀lì Dangote ò tó ti òkè òkun ní mímọ́. Dangote ò gbà. Nígbà tí àwọn aṣòfin ṣàbẹ̀wò, wọ́n yẹ epo wò níṣojú wọn, èsì tí iléeṣẹ́ náà sì kéde ni 87.6 fún tirẹ̀ àti ohun tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ fún dísẹ́ẹ̀lì òkè òkun tí wọ́n fi wé e. Ẹ gba èsì yẹn gbọ́ o, ẹ ò gbà á gbọ́ o, ẹ kíyè sí ohun tí ọkùnrin náà fi ń yangàn. Kò sọ pé òfin gba òun láyè. Ohun tó ń sọ ni pé epo òun mọ́, àti pé kò ní pẹ́ tí yóò fi já sí 10, torí ó mọ̀ pé oníbàárà tó wà ní Yúróòpù kò ní ra ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan lè sọ pé 87.6 ṣì ju 50 lọ, nítorí náà àyè tí wọ́n fún un wúlò fún oṣù bíi mélòó kan. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àyè tí gbogbo ayé mọ ọjọ́ tó máa parí, tó sì kan gbogbo ilé ìfọpo bákan náà, fèrèsé ni, ó ṣeé tì. Ihò ò ṣeé tì.

Àwọn wo wá ni aláǹgbá? Ní 1988, nígbà tí a ò tíì ní ògiri kankan rárá, àwọn kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ẹ̀gbin olóró láti Ítálì wá sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, wọ́n sì yá àgbàlá ará ibẹ̀ kan ní ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù láti tọ́jú u sí. Owó kékeré ni owó aláǹgbá. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí ìjọba sáré dá àjọ FEPA sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an láti dáàbò bo àyíká. Ní Mombasa, ní Kẹ́ńyà, wọ́n fún iléeṣẹ́ kan tó ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù láṣẹ lábẹ́ ètò àwọn tó ń ṣe ọjà fún òkè òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò Owino Uhuru. Àwọn ọmọdé fara káàsá, àwọn èèyàn kú, iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ní 2020, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san 1.3 bílíọ̀nù ṣílè Kẹ́ńyà fún àwọn ará àdúgbò, àwọn àjọ ìjọba wà lára àwọn tí ẹ̀bi já lé lórí, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù kó tó yanjú ní ìparí 2024. Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Ògijo, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, ìjọba ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì pa ní 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn tó ń gbé àyíká wọn. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ iléeṣẹ́ tí gómìnà kan lè fi ṣe fọ́ńté níwájú àwọn akọ̀ròyìn.

Ìjọba wa kì í sábà kéde pé òun dẹ òfin. Ó kàn máa ń fi í sílẹ̀ kó jẹrà ni. Ní 1992, ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé òfin méjì jáde lọ́dún kan náà. Òfin NEPZA, tí àwọn àgbègbè ọjà òmìnira bíi ti Lẹ́kkí dúró lé, yọ àwọn iléeṣẹ́ inú wọn kúrò lábẹ́ owó-orí, ó sì ní kò gbọdọ̀ sí ìyanṣẹ́lódì níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Òfin EIA, tó ní kí a kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa fojú àyíká rí wò kí a tó fàṣẹ sí i, fi mílíọ̀nù kan náírà ṣe òpin owó ìtanràn fún iléeṣẹ́ tó bá rú u. Owó gidi ni mílíọ̀nù kan nígbà náà. Lónìí, ẹ gbé e lọ sí Sáńgótẹ̀dó lẹ́bàá Ajáh kí ẹ fi wá ilé oníyàrá méjì fún ọdún kan, ẹ ó gbọ́ ohun tí ejẹ́ǹtì máa wí. Nígbà tí wọ́n dá NESREA sílẹ̀ ní 2007 láti máa fi ọwọ́ òfin àyíká mú èèyàn, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì àti gáàsì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló wá ń bẹ̀bẹ̀ pé ká tún dẹ òfin sí i?

Bẹ́ẹ̀ Lẹ́kkí kì í ṣe ilẹ̀ tó yẹ ká ti máa fi òfin ṣeré. Iyanrìn ni, láàárín òkun àti ọ̀sà. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn rárá, àwọn ilé tí omi ẹ̀rọ ìjọba dé kò sì pọ̀, kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ń gbẹ́. Ẹni tó bá ti gbé Ajáh mọ omi kànga náà: ó máa ń mọ́ bó ṣe ń jáde, tó bá pẹ́ díẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì á pọ́n bí omi tíì, aṣọ funfun á di aláwọ̀ ìpẹtà. Irin lásán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú sì ń rí i. Òjé kì í pa omi láró. Ohun tí iléeṣẹ́ bá dà sórí irú ilẹ̀ yìí kì í dúró sí ọgbà iléeṣẹ́.

A sì ti gbìyànjú òfin tó dẹ̀ níbẹ̀ rí, lórí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn oníléẹ̀sítéètì fi ń dí ojú ọ̀nà omi bí ti odò Ìkòtá, tí àwọn aláṣẹ ń wò wọ́n níran. Lẹ́yìn náà, láti 2023, katapílà ìjọba ìpínlẹ̀ wọlé, wọ́n wó ilé tí àwọn kan fi owó ayé wọn kọ́, tí ẹlòmíì nínú wọn ní ìwé lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olówó ńlá ni pé òfin tó dẹ̀ lónìí lè le koko lọ́la láìsọ tẹ́lẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni báńkì tó fẹ́ yá èèyàn ní bílíọ̀nù dọ́là ń sá fún. Òfin tó le, tó sì dúró sójú kan, ṣeé ṣírò mọ́ iye owó iṣẹ́. Aláǹgbá nìkan ni kò bìkítà bí ògiri máa wó lọ́la.

Wọ́n á ní ebi ń pa ará ìlú, ẹ ń sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni ebi ń pa ará ìlú. Ṣùgbọ́n ẹja pípa náà iṣẹ́ ni, àwọn tó ń ṣe é ní etíkun Ìbẹ̀jú kò sì ní iṣẹ́ kejì. Àwọn mìíràn á ní bí a bá ṣagídí, iléeṣẹ́ á yà sí àgbègbè iléeṣẹ́ Glo-Djigbé ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí ti Adétikopé ní Tógò. Owú àti kajú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ń fi fa èèyàn sí Glo-Djigbé, pẹ̀lú iná àti ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ bá wọn díje, iná tí kò dúró àti ẹrù tó ń há sí èbúté ló yẹ ká kọ́kọ́ mú. Àdéhùn imí-ọjọ́ tí mo sọ lókè sì ti fi hàn pé àwọn aládùúgbò lè jọ mọ ògiri kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi ìdọ̀tí polówó ìlú rẹ̀. Ní ti àwọn tó ń sọ pé òyìnbó náà fín ara rẹ̀ léèéfín kó tó là, ẹ rántí pé èéfín London ọdún 1952 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣòfin ní 1956. A ti mọ bó ṣe parí, kí la tún ń tún un ṣe sí?

Àtakò tó wọ̀ mí létí jù ni ti àwọn tó ní òfin àyíká ò ju ojú ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń gba rìbá, pé ìwé àṣẹ máa ń pẹ́ lórí tábìlì títí dìgbà tí ẹnu ọ̀gá bá rin. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n rìbá náà ihò ògiri ni, ẹni tó lówó jù ló sì ń rọ̀ lọ́rùn. Kí iṣẹ́ yá yàtọ̀ sí kí iṣẹ́ má péye. Ìjọba lè dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde fún ara rẹ̀, kó sì gbé gbogbo owó tí iléeṣẹ́ máa san síta kí aráyé rí i. Owó ìtanràn tó bá máa ta iléeṣẹ́ lára gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú owó tó ń wọlé fún un, kí náírà tó ń já má baà tún sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Ètò EIA ní kí wọ́n pàtẹ ìwé àyẹ̀wò fún ará ìlú fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn. Ìwé náà máa ń nípọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, orí tábìlì ọ́fíìsì ló sì ń wà. Kí wọ́n kọ kókó rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n kà á lórí rédíò àti ní ọjà Ajáh, kí apẹja ní Akódò gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ dà sómi rẹ̀ kí ọjọ́ 21 náà tó pé.