Eédú Inú Ilẹ̀ àti Ìtàn Àtẹnudẹ́nu

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni ẹ̀rí ọjọ́ orí. Eédú àti àpáàdì tí ó wà nínú ilẹ̀ ni àkísà ìlú.

Ní Ìlárá Rẹ́mọ, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ọba àti orúkọ ogun ni àwọn àgbà fi ń ka ìgbà, kì í ṣe iye ọdún. Kò sí àbùkù nínú èyí. Ìgbà tí olùkọ́ bá fi ọdún tí kò ní ẹ̀rí lé ìtàn náà lórí, tí ó sì kọ ọ́ sí ojú pátákó, ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí Rẹ́mọ: Eredo Sùngbọ́, yàrà ńlá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà. Ìtàn sọ pé Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀, ni ó ni iṣẹ́ náà. Ibojì rẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn ní Òkè-Ẹ̀rì. Àwọn kan tilẹ̀ ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ kí Sólómọ́nì, èyí tí yóò ti tó 900 ọdún ó lé ṣáájú ìbí Jésù. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kábọ̀n láti inú iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan fi gbígbẹ́ yàrà náà sí òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Jésù. Àlàfo náà ju 2,000 ọdún lọ.

Willard Libby, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé ìlànà yìí jáde ní 1949. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1960. Ohun ẹlẹ́mìí gbogbo ni ó ń gba kábọ̀n-14 sára. Bí ó bá kú, gbígbà náà dúró, èyí tí ó wà lára rẹ̀ a sì máa dínkù: láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì yóò ti lọ. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń ṣírò.

Ìlànà yìí ti gbèjà Yorùbá rí. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn Plato ará Gíríìkì, ni ó mú irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ wá. Eédú tí Frank Willett àti Peter Garlake wà jáde lẹ́yìn náà gbe àwọn ọmọ Ifẹ̀ lẹ́sẹ̀: ìgbà tiwọn, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ni iṣẹ́ ibẹ̀ bọ́ sí.

Síbẹ̀, kábọ̀n kì í ṣe ọba lórí ìtàn. Ìgbà tí igi kú ni ó ń sọ, ní àlàfo ọdún, kì í ṣe ní ọjọ́ kan pàtó. Kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ yàrà tàbí ìdí tí ó fi gbẹ́ ẹ. Ẹnu àgbà ni ìyẹn wà. Bí kábọ̀n bá mú Ṣébà kúrò, kò mú Sùngbọ́ kúrò.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá lọ kọ́ṣẹ́ ní Rẹ́mọ kọ́ ọmọ láti bi ìbéèrè méjì: ta ni ó sọ ọ́, kí sì ni ẹ̀rí ọdún rẹ̀? Kí ó sì kìlọ̀ fún wọn pé bí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní ahoro, tí àpáàdì àti eédú bá jáde, kí wọ́n má dà á nù. Ẹni tí ó bá da àkísà ìlú nù, kí ni yóò fi hàn pé àgbà ni ìlú rẹ̀?