Ẹ Bu Kún Owó Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ní kí 1% owó orí tí FIRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí nígbà náà, bá gbà fún ìjọba àpapọ̀ máa lọ sí àpò NELFUND, àjọ tó ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. A gbóṣùbà fún ìyẹn, nítorí owó tí òfin ti yà sọ́tọ̀ kì í dúró de àánú àwọn tó ń ṣe ètò ìṣúná lọ́dọọdún. Kò sí èlé lórí ẹ̀yáwó náà.

Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ tí NELFUND ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóṣooṣù ńkọ́? ₦20,000 lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi í rà nínú gààrí, ìwé àti owó ọkọ̀, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbówó lérí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023? Àwọn òbí tí ìpinnu yẹn dùn jù ni ọmọ wọn ń tọrọ ẹ̀yáwó yìí.

Ẹ̀yin aṣòfin l'Ábújá, nígbà tí ìṣúná tuntun bá dé iwájú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu kún owó oúnjẹ yìí, kí ẹ sì rí i pé ó tètè ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa.