ILẸ̀ TÁLÁKÀ KÌ Í ṢE ÀÀTÀN
Àwa kò gbà pé èèṣì ni ó ń gbé ẹ̀gbin olóró lọ sí ẹ̀bá ilé tálákà. Ní ọdún 1988 ni àṣírí tú pé àwọn oníṣòwò Ítálì kan ti kó nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù irú rẹ̀ wá sí èbúté Kókó, nínú àgbàlá ẹnì kan, ní owó tí kò ju nǹkan bí $100 lóṣù. Ibi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n, tí ohùn ará ìlú kò sì dé etí ìjọba, ni wọ́n ń wá kiri.

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Bí afọ́kùúta tàbí onílé-iṣẹ́ bá dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí ìwé ní kọ̀rọ̀. Ẹ pe ìlú jọ. Ẹ bi í léèrè eruku àti omi. Owó ilẹ̀ a máa tán. Májèlé inú rẹ̀ ni ọmọ yóò jogún.