Fọ́tò Dúdú-òun-Funfun Kò Gbọdọ̀ Rí Bí Ewé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá. Oníbàárà gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá. Ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ tán, ojú bàbá rí bí ewé ẹ̀fọ́! Yíǹkì aláwọ̀ ni ẹ̀rọ pò pọ̀ kó tó rí àwọ̀ eérú. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, ó bàjẹ́ nìyẹn. Láti 2005 ni Epson ti gbé ẹ̀rọ tó ń lo yíǹkì dúdú, eérú àti eérú fẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Èrò wa ni pé kí àpò ẹgbẹ́ ra irú rẹ̀ kan fún gbogbo wa. Kó tó dé, ẹ jẹ́ kí fọ́tò gbẹ, kí ẹ gbé e wò nínú oòrùn àti lábẹ́ iná, kí ẹ tó gbowó. Ojú òkú kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.