Ẹ Pinnu Kí Wọ́n Tó Lé Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Makoko l'Ékòó,

Ẹ̀yin orí omi àti ẹ̀yin orí ilẹ̀, ẹ̀yin Ìlàjẹ, ẹ̀yin Ẹ̀gùn, àti ẹ̀yin tí òbí yín ti ibòmíràn wá tí Makoko gbà mọ́ra, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ti dé etí mi. Àwọn kan ní Èkó ti sú àwọn, àwọn ń padà sílé bàbá àwọn. Àwọn kan ní ikú nìkan ló máa gbé àwọn kúrò níbí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó bá mú nínú méjèèjì. Ìgbà tí ẹ óò mú un ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ pinnu nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì lé yín.

Àwa tí a ti dàgbà, ọdún tí wọ́n lé èèyàn ni a fi ń rántí ọdún. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà àti Èjìgbò tí wọ́n ti ń tajà ní Kumasi àti Accra láti ayé bàbá wọn gbé ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè gbà, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí i. Ẹni tó ti kọ́lé sílé kí àṣẹ náà tó dé, ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ló sọ̀ sí. Ẹni tí kò kọ́, yàrá àbúrò ló há sí pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, tí wọ́n sì ń pe ọmọ náà ní ọmọ Ghana ní àárín agbo ilé bàbá rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àjèjì tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀sẹ̀ méjì yìí náà ni. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gùn, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè bó ṣe rí. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Àgbádárìgì, tí àbúrò rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí òun fúnra rẹ̀ ń dẹ àwọ̀n ní Èkó, ìlú wo ni kó sọ pé òun ti wá?

Àwọn ọmọ Èjìgbò kọ́gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pọ̀ ní Abidjan dòní, àmọ́ ilé ń dìde ní Èjìgbò, ọkọ̀ ń lọ ó ń bọ̀, ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ń wá sílé, ó ń sọ Faransé láàárín ọjà, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí ogun dé Côte d'Ivoire, ní 2002 àti lẹ́yìn ìdìbò 2010, ọ̀pọ̀ wọn mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn.

Àwa ńkọ́? Ní oṣù keje 1990, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí afárá Third Mainland tó gba iwájú wa kọjá, ìjọba ológun wó àdúgbò Maroko níbí ní Èkó. Iye èèyàn tí a máa ń gbọ́ pé ó kàn ni 300,000. Díẹ̀ rí yàrá gbà ní Ìlasàn àti Ìkọtà, ìyókù fọ́n ká. Ní oṣù keje 2012 ó kan Makoko. Wákàtí 72 ni wọ́n fún wa nínú ìwé pé ká kúrò. Wọ́n gé òpó ilé, ilé wó sínú omi, ìbọn sì pa ọ̀kan nínú àwọn olórí wa kí iṣẹ́ náà tó dúró. Lẹ́yìn èyí ni ti àdúgbò Otodo Gbame, láàárín 2016 sí 2017. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé àwọn ará etí omi láìbá wọn jókòó sọ ọ́, láìsí ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí, lòdì sí òfin. Ìdájọ́ náà dára gan-an. Àmọ́ ilé ti lọ kí adájọ́ tó ka ìwé rẹ̀ tán.

Ẹni tí wọ́n lé kì í yan ibi tó ń lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e dé ló ń sùn.

Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ń padà sílé. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé náà ṣì wà. Ẹ̀yin ọmọ Ayétòrò létí òkun Ìlàjẹ, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó dàgbà jù ú lọ ṣì ń tan àtùpà, iná mọ̀nàmọ́ná ti ń tàn níbẹ̀. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan ni owó ń wọ̀, àwọn òyìnbó sì ń wá wò wọ́n. Lónìí, òkun ti gbé àdúgbò lódindi lọ níbẹ̀. Ìjọba ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun náà fún agbaṣẹ́ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òkun kò dúró dè wọ́n. Ọmọ Ayétòrò tí wọ́n bá sọ fún ní Makoko pé kó máa lọ sílé, inú ìgbì ni wọ́n ń júwe fún un. Kí ẹ sì rántí pé kì í ṣe ebi nìkan ló kó àwọn kan nínú wa dé ibí. Ìjà àwa àti Ìjọ̀ Àrògbò tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1998 lé ọ̀pọ̀ Ìlàjẹ kúrò ní abúlé wọn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ padà, kó má lọ wo ilé nígbà Kérésì. Ìlú wo ni kì í dùn ní Kérésì? Ẹ lọ ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókòdá, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ sùn sílé. Ẹ bèèrè ibi tí aboyún ń gbà bímọ lóru. Ẹ bi olórí ẹbí pé ilẹ̀ wo ló jẹ́ ti bàbá yín, kí ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú yín. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ júwe láti inú ilé kì í tó ilé kọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Kí ẹ sì wo ohun tí iṣẹ́ yín rọ̀ mọ́. Ẹ wo ìyá tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Púpọ̀ nínú ẹja tó tò sórí wáyà yẹn kì í ṣe ti ọ̀sà wa mọ́. Àwọn tó ń wa yanrìn ti ru ìsàlẹ̀ omi sókè, ẹja sì ti jìnnà. Inú páálí ló ti wá, láti ilé yìnyín, ṣáwà tó dì gbagidi tó ń sun omi tútù sí i lẹ́sẹ̀. Igi tó fi ń dáná, àjákù pákó ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń yí ẹja padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí awọ má bàa bó, kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ tó gbé e lọ sí ọjà Asejere. Ilé yìnyín, pákó, Asejere, oníbàárà tó ti Mushin wá: Èkó ni gbogbo wọn. Bí ìyá yìí bá gbé ààrò rẹ̀ lọ sílé lọ́la, èwo nínú wọn ni yóò bá a lọ? Bí ó bá ní ìdáhùn, kó máa lọ ní àlàáfíà. Èmi mọ àwọn tó lọ tó sì yọrí sí rere, tí wọ́n ń ra ẹja tútù níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ibí ni ẹ óò kú sí, ọ̀rọ̀ yín lọ́tọ̀. Wọ́n bí yín síbí, wọ́n bí bàbá yín síbí. Bí ẹ bá pe Makoko ní ìlú yín, n kò rí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti já yín nírọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ò lọ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò lọ. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí fún àwọn ọmọ tí ẹ ń bí sórí omi. Ẹ gba káàdì ìdìbò, kí ẹ sì dìbò. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó ilé àti owó àdúgbò, kí ẹ ya fọ́tò ilé yín ní ọdọọdún. Ìgbà kan wà tí ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Èkó kò ní rí ju omi lọ níbi tí a wà. Láàárín 2019 sí 2020 ni wọ́n wá fi dróònù ya ibí, tí ilé àti ọ̀nà omi wa hàn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin Makoko sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ láti wa dróònù náà. Èyí dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo òyìnbó oníkámẹ́rà tó ń sáré wá ya ilé ẹ̀kọ́ wa tó léfòó, tí wọn ò padà wá lẹ́yìn tó wó ní 2016.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sí òkè òkun, tí ẹ ń tọ́jú owó pásípọ́ọ̀tù, ẹ kú ìmúra. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má ta ilé ìyá yín nígbà tó ṣì ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dá ìpinnu yìí ṣe. Ìlú yín lè máà jẹ́ ìlú aya yín. Mo ti rí ọkùnrin tó kó ìyàwó Ẹ̀gùn lọ sí abúlé Ìlàjẹ láìbèèrè ẹnu rẹ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi padà sí Makoko pẹ̀lú àwọn ọmọ, ọkọ sì dá wà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò mọ ẹni tí wọn yóò bèèrè bí wọ́n bá délé, torí bàbá ti kú, wọn ò sì lọ rí. Ẹ wá bá mi. Ẹ mú orúkọ bàbá bàbá yín àti orúkọ abúlé rẹ̀ wá, kódà bó jẹ́ ìnagijẹ ni ẹ mọ̀. Tí mi ò bá mọ ẹbí náà, mo mọ àgbà tó mọ̀ wọ́n, a óò sì fi ìwé tí ẹ óò mú tọ̀ wọ́n lọ lé yín lọ́wọ́ kí òjò ọdún yìí tó dá.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Makoko.