Kẹ̀kẹ́ Kì í Ṣe Aṣọ Ilé-ìwé

A máa ń ra aṣọ ilé-ìwé tó tóbi, pé ọmọ á dàgbà bá a. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ra mountain bike fún àbíkẹ́yìn wa. Ní Peckham Rye, ìka rẹ̀ ò dé bíréèkì. Ó ṣubú, orúnkún bó. Àwa akáǹtáǹtì, èrè wa dà?

Kẹ́ ẹ tó sanwó, kí ọmọ ya ẹsẹ̀ sórí irin àárín: kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ìka dé bíréèkì.

Ẹ̀yin ọmọ, ní gbogbo Sátidé, ẹ tẹ táyà wò, ẹ fún bíréèkì wò, ẹ nu ṣéènì, kẹ́ ẹ kán òróró sí i. Bí bíréèkì ò bá mú, ẹ má gùn ún o!